Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀ Tí O Ní Kí N Bá Ọ Fi Ránṣẹ́

Ìrókò,
Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Àníkẹ́ mi, ọmọ Àbẹ̀kẹ́,

Ara mi le. Àwọn adìẹ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ náà le, àfi àkùkọ tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tí kò sì tìtorí ìyẹn dín ariwo kù. Ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí nígbà tí o wà nílé ti fúyẹ́. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú ìdánìkanwà. Mo kí ọ kú ẹ̀rù pẹ̀lú, nítorí òun gan-an ló mú kí n jókòó kọ ìwé yìí.

Ní ọjọ́ Ẹtì ni bọ́lẹ́kájà gbé àpò lẹ́tà dé, mo sì rí àpòòwé rẹ nínú rẹ̀. Mo ṣí i, mo bá ìwé méjì. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Èkejì jẹ́ ti ọ̀gá ilé-ìwé yín ní Akanran, pé o fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. O ní kí n bá ọ wo àṣìṣe inú rẹ̀, kí n lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, kí n sì fi ránṣẹ́ láti ibí. O ní ọ̀gá yín ti sọ pé ìwọ ni yóò dúró kí àwọn òbí káàbọ̀ ní ọjọ́ àwọn òbí, tí yóò sì sọ fún wọn bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí, lójú gbogbo ìlú. O ní láti ọjọ́ tí o ti gbọ́ ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ lọ mọ́, àti pé ó sàn kí o padà wá sí Ìrókò wá máa bá mi to lẹ́tà.

Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, ẹ̀rín ni mo rín. Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé láti ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá yín kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ. Ìwé tí o lè fi ogún ẹsẹ̀ gbé fún un, o fi í sọ́kọ̀, ó gba Ìbàdàn kọjá, ó dé Ìrókò, o sì fẹ́ kí ó tún gba Ìbàdàn padà sí Akanran! Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ara mi ni mo rí. Ta ni ì bá ronú kan irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe ọmọ tí mo bí?

Mi ò tí ì fi ìwé náà ránṣẹ́. Ọjọ́ àwọn òbí ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná. Ojú mi kò ní jẹ́ kí n tún kọ irú ìwé gígùn báyìí mọ́, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Èkínní. Ohun tó ń ṣe ọ́ kì í ṣe ìgbéraga, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹ̀rù ojú ènìyàn ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ilé mi. Àyà a máa já, àtẹ́lẹwọ́ a máa làágùn, ahọ́n a lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti tò sílẹ̀ láti àná a sì fò lọ bí ẹyẹ. A ó máa rò pé gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, ara wa ni wọ́n ń wò, wọ́n sì ti rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà tán, abẹ́ igi ọdán tó wà ní oríta ni àwọn àgbà máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ kò lè ṣe kó má kọjá níwájú wọn. O mọ bí ó ṣe máa ń rí. N ó dọ̀bálẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, yóò béèrè bàbá mi. N ó dọ̀bálẹ̀ fún èkejì, yóò béèrè iṣu. Ẹ̀kẹta yóò ní kí n sọ Òyìnbó díẹ̀ kí òun gbọ́. Ti ẹ̀kẹta yìí ló ń pa mí. Ni mo bá la ọ̀nà tèmi. Mo máa ń gba inú oko kòkó, n ó gba etí odò, n ó sì yọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi. Ọ̀nà tí kò tó ìbùsọ̀ kan di ìbùsọ̀ méjì. Mo rìn ín fún oṣù mẹ́ta, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná báyìí, mo bá àgbà mọ́kànlá nínú àgbàlá wa. Wọ́n jókòó sórí ẹní, obì wà níwájú wọn. Ẹnì kan wà nínú wọn tí a ń pè ní Baba Ọlọ́dán, nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí igi náà, òun náà ló sì máa ń kẹ́yìn kúrò níbẹ̀. Òun ló gba ẹnu wọn bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

“Ọmọ rẹ ò kí wa mọ́ láti ìgbà òjò,” ó ní. “A ti wádìí ara wa títí, a ò mọ ohun tí a fi ṣẹ̀ ẹ́.”

“Kì í ṣe èmi,” ọ̀kan nínú wọn já lu ọ̀rọ̀ náà. “Èmi tí mo fún un ní àgbàdo!”

“Ta ló ní ìwọ ni? A wá bẹ̀ ẹ́ ni. Akọ̀wé ni, a ò fẹ́ kí ó di kùnrùngbùn sí wa nínú.”

Bàbá mi yíjú sí mi. “Ìwọ ni àwọn àgbà gbé obì wá bẹ̀?”

Ènìyàn mọ́kànlá tí mo ti ń sá fún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ odò lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sí ohun tí ẹ ṣe. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí.”

Baba Ọlọ́dán wò mí títí. Ó ní, “Ẹ̀rù àwa? Àwa tí a ò léyín mọ́, kí la fẹ́ fi gé ọ jẹ?”

Ẹ̀rín wọn, wọ́n gbọ́ ọ dé oríta. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń bọ̀ lókèèrè ni Baba Ọlọ́dán yóò ti la ẹnu, kí n lè rí i pé eyín kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo fi ń kọ́ ọ nìyí, Àníkẹ́. Bí a bá ń sá fún ènìyàn, àwọn náà ń fún sísá wa ní ìtumọ̀, ìtumọ̀ ọ̀hún kì í sì í dára. Bí o bá kàn lọ, ọ̀gá yín yóò rò pé òun ṣẹ̀ ọ́, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ yóò rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ló sú ọ. Ẹ̀rù tí a bá sì ti la ọ̀nà ẹ̀yìn fún, kì í kéré. Ṣe ni yóò ní kí a tún la òmíràn fún òun.

Èkejì. Bóyá o rò pé mo gbọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Rárá o. Nígbà tí wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kékeré tí mo wà nídìí rẹ̀ títí dòní, inú mi dùn pé èmi àti ìwé ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé bí àpò bá dé, mo gbọ́dọ̀ gun orí àpótí ní gbangba, kí n máa ké orúkọ àwọn tó ni lẹ́tà. Ìdajì ìlú ló máa ń pé jọ, títí kan àwọn tí ẹnì kan kò kọ̀wé sí rí láyé. Wọ́n kàn wá gbọ́ ẹni tó lọ́mọ lẹ́yìn odi ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ké orúkọ méjì, ohùn mi há. Làmídì télọ̀ sì ní, “Akọ̀wé, ṣé ìwọ àti lẹ́tà lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún wọn pé òfin tuntun ti dé, ojúlé ni a ó máa gbé lẹ́tà lọ. Kò sí òfin kankan níbì kan. Èmi ni mo ṣe é. N ó dúró kí wọ́n lọ sí oko tán, n ó ti lẹ́tà wọn sábẹ́ ilẹ̀kùn, n ó sì sáré padà bí olè.

Bàbá Ràímì, tí ilé wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ní ọmọkùnrin kan ní Kùmásí. Lẹ́tà ọmọ náà dé, mo ti í sábẹ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ yọ síta nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ wọn jẹ ẹ́. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá, igun kékeré kan ni mo bá nílẹ̀, “ọmọ yín” ló sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ dé, pẹ̀lú ìyàwó tuntun àti ẹrù, kò sì bá ẹnikẹ́ni nílé. Gbogbo wọn ti lọ sí abúlé oko. Ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bóyá bàbá òun kò fẹ́ ẹ ni.

Nígbà tí àpò dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tí àwọn tó wá wo ọkọ̀ ṣì dúró, Bàbá Ràímì wá bá mi níwájú gbogbo ènìyàn. “Akọ̀wé, ọmọ mi ní òun kọ̀wé. Ìwé dà?”

Kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn níbẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ewúrẹ́ yín ló jẹ ẹ́.”

“Wàhálà dé! Èmi ò mọ̀wé, ewúrẹ́ mi mọ̀ ọ́n.” Ó yíjú sí àwọn ènìyàn. “Ẹ bá mi fà á wá o. Kí ó wá sọ ohun tó kà níbẹ̀ fún mi.”

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan òfin tí mo fi orí ara mi ṣe. Bàbá Ràímì mi orí, ó ní kí Ọlọ́run fún mi ní sùúrù àti ohùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ìyá rẹ nìyẹn. A kò tí ì fẹ́ ara wa nígbà náà. Nígbà tí àwọn yòókù túká, ó dúró.

“Ẹ̀rù ń bà yín ni, àbí?” ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Kí ló wá dé tí ẹ ń pe gbogbo wọn? Ẹnì kan ṣoṣo ló ni lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ojú onítọ̀hún, kí ẹ pè é. Ìran ni àwọn yòókù wá wò.”

Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo wá ojú ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ wà lókè, mo pè é bí ẹni pé àwa méjì péré la wà lóko. Ohùn mi jáde. Títí di òní, mi ò tí ì bá èrò sọ̀rọ̀ rí. Ẹnì kan ni mo máa ń pè, lẹ́yìn náà ẹnì kan, lẹ́yìn náà ẹnì kan.

Nítorí náà, má bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. O ti kọ̀wé sí mi nípa Sàlámátù, ọmọbìnrin tí kò mọ a yàtọ̀ sí b nígbà tí o dé, tó ti ń ka ìwé sí ìyá rẹ̀ létí báyìí. Wá ojú ìyá Sàlámátù. Òun ni kí o kí káàbọ̀. Òun ni kí o sọ fún pé ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé. Ṣé ó sọ fún ọ pé òun kò fẹ́ gbọ́ ni?

Ẹ̀kẹta. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Má jókòó ti ẹ̀rù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí o bá lọ ra epo òyìnbó, má kàn na ìgò sí obìnrin tó ń tà á. Kí i, kí o béèrè ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ ọ̀gá yín kí ó jẹ́ kí o ṣáájú àdúrà àárọ̀ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dúró sínú iyàrá, kí o ka ohun tí o fẹ́ sọ fún tíṣà obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà.

Mo sì ti rò ó, àwọn tó dá ìkíni Yorùbá sílẹ̀ ṣàánú irú èmi àti ìwọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, wọ́n sì ti ṣe é sílẹ̀ dè wá. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rárá, ẹ kú ilé. Bí o bá dìde lọ́jọ́ náà tí orí rẹ sì ṣófo, “ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ọmọ” yóò gbé ọ kọjá afárá. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dáhùn “o ṣé, tíṣà” tán, wàá ti rántí èyí tó kù.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́, jẹ́ kí nọ́ńbà lọ sinmi.

Èmi àti ìwọ ní àìsàn kan tó burú ju ẹ̀rù lọ. Bí a bá sọ̀rọ̀ tán láàárín àwùjọ, a ó gbé e délé, a ó máa jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ bí ewúrẹ́ Bàbá Ràímì: kí ló dé tí mo sọ báyìí, kí ló dé tí ohùn mi gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí Làmídì télọ̀ sọ sí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tó wá ń wọn ṣòkòtò fún mi, mo bi í pé ṣé ó rántí. Ó ní, “Èmi sọ bẹ́ẹ̀? Bàtà tuntun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń há mi lẹ́sẹ̀ bí ìyà. Mi ò mọ ohun tí mo sọ, mi ò sì mọ ohun tí ìwọ sọ.” Ọdún mẹ́wàá, Àníkẹ́! Mo rò pé èmi ni ó ń wò. Bàtà rẹ̀ ni ó ń wò. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò jókòó níwájú rẹ ní Akanran, bàtà ń há àwọn náà níbì kan.

Ohun tó kù yìí ni mo ti ń yí ká láti àárọ̀. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé, “Ìbá ṣe pé màmá ni mo jọ ni.”

O mọ ìyá rẹ nínú ìjọ. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Bí ó bá ń gbàdúrà, ẹni tó wà lójú títì ń ṣe àmín. O sì rántí gèlè. Kí ó tó la ẹnu, yóò tú gèlè rẹ̀, yóò tún un wé, gbogbo ìjọ yóò sì dúró dè é. “Ìyá Gèlè” ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ìwọ gan-an máa ń sín in jẹ nílé pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lórí, òun alára a sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní oṣù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, nígbà tí o ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, mo jókòó tì í ní ọ̀sán kan, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín ni mo ṣe sọ pé, “Àbẹ̀kẹ́, gèlè yìí, ṣé oge rẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bàbá Àníkẹ́, oge kọ́,” ó ní. “Ọwọ́ mi ló máa ń gbọ̀n. Bí mo bá gbé e sí gèlè, ẹnikẹ́ni kì í rí i.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ kìíní. Bí mo bá fi máa wé e tán, àyà mi á ti rọ̀ díẹ̀. Mo lè bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

“Gbogbo ọdún wọ̀nyí, o ò sọ fún mi?”

Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó ní, “Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba èmi náà, ta ni ì bá máa sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù?”

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo bá obìnrin yẹn gbé, mo sùn tì í, mo jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ̀. Ìyá rẹ ni o jọ, ọmọ mi. Èmi ni o sì jọ pẹ̀lú. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tí o lè sá sí.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo rí nínú ọgbọ́n rẹ̀: ó dá a gbé. Ìbá ṣe pé mo mọ̀, ǹ bá máa wá ojú rẹ̀ láti ìjókòó mi, bí ó ṣe kọ́ mi kí n máa ṣe. Ìwọ má dá tìrẹ gbé. Sọ fún tíṣà obìnrin yẹn pé ẹ̀rù máa ń bà ọ́. Èmi sọ ọ́ lójú àgbà mọ́kànlá, eyín tí kò sí ni wọ́n fi hàn mí.

Mi ò ní kí o di ẹlẹ́nu o. Ẹni jẹ́jẹ́ ni ọ́, ọmọ bíi Sàlámátù sì nílò tíṣà tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mi ò sì sọ pé ẹ̀rù yóò lọ. Tèmi kò lọ. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ibi ìjókòó rẹ̀.

Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ wà nínú àpòòwé yìí. Mo lẹ sítáǹpù mọ́ ọn nítorí pé o ní kí n lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lu òǹtẹ̀ lé e. Bí ọjọ́ àwọn òbí bá kọjá, tí o sì rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tìrẹ, padà wálé. Iyàrá rẹ wà níbẹ̀, mi ò ní bi ọ́ léèrè kankan. Àmọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rin ogún ẹsẹ̀ yẹn, kan ilẹ̀kùn, kí o fún ọ̀gá yín lọ́wọ́. Má ṣe fi í gba ọ̀nà Ìrókò mọ́.

Mo fi gèlè ìyá rẹ, èyí aláwọ̀ ewé, rán awakọ̀ sí ọ. Èmi náà ń bọ̀. N ó wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Ìbàdàn, n ó wọ òmíràn dé Akanran. Mi ò mọ ẹnì kan níbẹ̀ yàtọ̀ sí ọ, ẹ̀rù sì ti ń bà mí láti ìsinsìnyí. Ẹ̀yìn pátápátá ni n ó jókòó sí. Bí o bá dìde, tí o sì rí bàbá kan lẹ́yìn tó ń ṣí fìlà, tó ń dé e, tó tún ń ṣí i, èmi ni. Ìwọ náà tú gèlè rẹ, kí o tún un wé. Má kánjú. Wọ́n dúró de ìyá rẹ, wọn yóò dúró dè ọ́. Lẹ́yìn náà, wá ojú ìyá Sàlámátù, kí o sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Akọ̀wé, tí ń ké orúkọ lẹ́tà ní Ìrókò.